Ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí Julio Cortázar àti ìyàwó rẹ̀ fi oṣù kan gbáko rìn

Láti Paris, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, dé Marseille tó wà létí òkun níhà gúúsù, ọ̀nà náà kò tó 800 kìlómítà. Títì márosẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Autoroute du Soleil, ìyẹn Ọ̀nà Oòrùn, ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Awakọ̀ tó bá tètè jí kúrò ní Paris lè jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ní Marseille. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1982, tọkọtaya kan gbéra ní Paris lọ́jọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún, ó sì di ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, kí wọ́n tó dé Marseille. Kì í ṣe pé ọkọ̀ ló dá wọn dúró, kì í sì í ṣe pé wọ́n ṣìnà. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Julio Cortázar lọkọ, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, tó ti ń gbé Paris láti ọdún 1951. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Rayuela, tó jáde lọ́dún 1963, ló gbé orúkọ rẹ̀ ká ayé. Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kọ ìtàn kúkúrú kan nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó há àwọn èèyàn mọ́ ojú títì tó wọ Paris láti gúúsù, títí tí àwọn kan fi kú síbẹ̀, tí àwọn mìíràn sì di olólùfẹ́ ara wọn. Ọ̀nà yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́, nìyẹn. Carol Dunlop ni ìyàwó. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1946, ó gbé ní Kánádà, òǹkọ̀wé ni, ó sì ń ya fọ́tò. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 67 nígbà ìrìn-àjò náà, ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 36.

Kí ohun tí wọ́n ṣe tó yé èèyàn, ó yẹ kéèyàn mọ bí márosẹ̀ Faransé ṣe rí. Wọn kì í dédé yà kúrò lórí rẹ̀. Awakọ̀ yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì níbi tó bá ti wọlé, yóò sì san owó ojú títì níbi tó bá ti jáde. Bí a bá yọ Lyon kúrò, tí títì náà là kọjá nígbà náà, ńṣe ló ń yẹra fún àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣe ibùdó ìsinmi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sì jìnnà síra wọn. Igi, bẹ́ǹṣì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló wà ní àwọn kan. Àwọn mìíràn ní ilé epo, ilé oúnjẹ, àní òtẹ́ẹ̀lì pàápàá. Ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, tí wọ́n ti ń rọ epo, tí wọ́n sì ti ń sá lọ ni gbogbo èèyàn kà á sí.

Òfin tí tọkọtaya náà ṣe fún ara wọn ni pé àwọn kò ní jáde lórí márosẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí àwọn yóò fi dé Marseille. Ibùdó méjì ni àwọn yóò dé lójoojúmọ́, èkejì ni àwọn yóò sùn sí, ìbáà dára, ìbáà burú. Àwọn yóò wo gbogbo ibẹ̀ fínnífínní bí àwọn aṣàwárí ayé àtijọ́ ṣe ń wo ilẹ̀ àjèjì, àwọn yóò sì kọ ọ́ síwèé. Wọ́n kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó títì náà, torí wọ́n mọ̀ pé wọn kì í gbà kéèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Wọ́n bá lọ.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen pupa kan tó ní ibùsùn nínú ni wọ́n gbé. Fafner ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ dírágónì inú eré orin Wagner. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrìn láti ibùdó kan sí èkejì kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìyókù ọjọ́ jẹ́ tiwọn. Wọn yóò tẹ́ àga tí wọ́n ń ká sábẹ́ igi, wọn yóò gbé táípúráítà jáde, ọkùnrin yóò máa kọ, obìnrin yóò máa kọ, yóò sì tún máa ya fọ́tò. Wọ́n ń kọ aago tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n jẹ, bí ooru ṣe mú tó, àti ibi tí Fafner kọjú sí. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń wá bá wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú èso àti oúnjẹ tútù, wọ́n sì ń fi ṣàwàdà pé kí àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ má baà pa àwọn náà.

Ẹni tó bá ń wá ìròyìn ìlú kò ní rí i lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọjá lẹ́bàá Beaune tó lókìkí fún wáìnì, Montélimar tí wọ́n ti ń ṣe núgà, àti Orange tí gbọ̀ngàn eré àwọn ará Róòmù ṣì dúró sí, láì wọ ọ̀kankan. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn awakọ̀ tírélà tó sùn, àwọn ẹbí tó ń sáré lọ sí ìsinmi, kòkòrò inú koríko, àti ìdákẹ́jẹ́ tó ń bẹ lẹ́yìn igi, ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn tó ń sáré kọjá ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ṣeé gbé.

Eré ni gbogbo èyí jọ, ṣùgbọ́n ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àìsàn ńlá ti gbé Cortázar dé ilé ìwòsàn lọ́dún 1981. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbèrò ìrìn-àjò náà, tí wọ́n ń sún un síwájú. Ẹni tí kò mọ iye ọjọ́ tó kù fún un lè yàn láti sáré. Àwọn méjèèjì yàn láti na ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti lè gùn tó.

Lọ́jọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1982 kan náà, Carol kú. Ìwé náà kò tíì parí. Cortázar nìkan ló jókòó ti àwọn ojú ewé tí wọ́n jọ kọ, ó tò wọ́n pọ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láti fi sọ fún òǹkàwé pé ìyàwó òun ti lọ. Ìwé náà jáde lọ́dún 1983 ní èdè Sípáníìṣì àti Faransé pẹ̀lú orúkọ àwọn méjèèjì lára rẹ̀, wọ́n sì ya owó tó bá wọlé lórí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ará Nicaragua. Ọmọkùnrin Carol ló ya àwòrán àwọn ibùdó tó wà nínú rẹ̀. Cortázar kú lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 1984, wọ́n sì sin ín sínú sàréè kan náà pẹ̀lú Carol ní itẹ́ Montparnasse, ní Paris.