Ìyá Tí Ó Fi Ẹjọ́ Tú Ẹgbẹ́ Apànìyàn Ká

Àwọn baba wa a máa wí pé, igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìtàn tí a mú wá sínú ilé yín lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀rí sí òwe náà. Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100 láti etí òkun Dahomey lọ síbẹ̀ fún ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí a mọ̀ sí Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Nígbà tí wọ́n di òmìnira, wọ́n tẹ Africatown dó nítòsí Mobile, wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀.

Ní oṣù March ọdún 1981, àwọn ọkùnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ Ku Klux Klan jáde lóru ní Mobile, wọ́n ń wá ènìyàn dúdú kan tí wọn yóò pa, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jẹ́. Inú wọn ru nítorí pé àwọn jùrí kò lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹjọ́ ọkùnrin dúdú kan tí a fi ẹ̀sùn kàn pé ó pa ọlọ́pàá funfun. Michael Donald, ọmọ ọdún 19, tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ràn náà, ni wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà. Wọ́n pa á, wọ́n sì so òkú rẹ̀ rọ̀ sórí igi ládùúgbò.

Àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ rò pé ọ̀ràn oògùn líle ni. Ìyá rẹ̀, Beulah Mae Donald, kò gbà, nítorí ó mọ ọmọ tí ó bí. Ó ní kí a ṣí pósí sílẹ̀ níbi ìsìnkú, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí a fi ojú ọmọ òun rí. Ó tó ọdún 1983 kí ọwọ́ òfin tó tẹ àwọn apànìyàn náà. A dá ọ̀kan lẹ́bi ikú, a sì pa á ní ọdún 1997. A sọ èkejì sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wọn ní ìkórìíra náà? Ìbéèrè yìí ni àwọn agbẹjọ́rò kan ní Montgomery gbé dìde. Morris Dees àti Joseph Levin ni ó dá ẹgbẹ́ wọn, Southern Poverty Law Center, sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ní ọdún 1981 wọ́n yan àwọn kan láti máa ṣọ́ Klan: kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn wọn, kí wọ́n sì máa kọ ìṣe wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ni. Síbẹ̀ ó dun àwọn tí a ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ Klan fi dáná sun ọ́fíìsì náà ní ọdún 1983.

Lórúkọ ìyá náà ni wọ́n pe United Klans of America lẹ́jọ́. Àlàyé wọn yé ọmọdé: bí ọ̀gá bá rán ọmọ iṣẹ́ ní iṣẹ́ ibi, ọ̀gá pẹ̀lú ni yóò san gbèsè rẹ̀. Wọ́n sì fi àwòrán kan hàn láti inú ìwé ìròyìn Klan fúnra rẹ̀, níbi tí a ti so ènìyàn dúdú rọ̀.

Ní oṣù February ọdún 1987, nílé ẹjọ́, ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà kọjú sí ìyá yìí, ó fi omijé tọrọ ìdáríjì. Ìyá náà dá a lóhùn pé òun ti dárí jì í. Àwọn jùrí, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, dájọ́ pé kí ẹgbẹ́ náà san 7,000,000 dọ́là. Wọn kò ní in. Ilé tí ó jẹ́ olú ẹgbẹ́ náà ní Tuscaloosa ni wọ́n fi lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ ra ilé tirẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò gbérí mọ́. Ní ọdún 1988 ni ìyá náà sùn nínú Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ìdáríjì kò dí ìdájọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ kò pa ìdáríjì. Ẹ jẹ́ kí a sì rántí pé kí okùn tó dé ọrùn Michael, ó ti kọ́kọ́ wà nínú àwòrán àti nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí a bá ń fi ẹ̀yà mìíràn ṣe ẹlẹ́yà nídìí oúnjẹ, tí àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe dákẹ́. Níbẹ̀ ni ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀.