Ṣé O Mọ̀? Melatonin, Ìpara Àfọwọ́pò àti Òru Warri

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1958 tí epo rọ̀bì Nàìjíríà kọ́kọ́ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ yọ melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, sọ́tọ̀? Aaron Lerner, oníṣègùn awọ ara ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Iná gáàsì tó bá èkínní wá sọ òru agbègbè Warri di ọ̀sán. Èkejì, ojú rẹ̀ kò gba ìmọ́lẹ̀.

Inú orí màlúù ni Lerner ti rí i. Ẹ̀yà ara kan wà láàárín ọpọlọ, tiwa kò ju hóró ìrẹsì lọ, òun ló ń pèsè melatonin lálaalẹ́. Ṣé o mọ iye orí màlúù tí wọ́n lò kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba tí wọ́n lè yẹ̀ wò? Ó ju 100,000 lọ. Alápatà ọjà Igbudu ní Warri kò ní rí irú rẹ̀ pa láyé rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé oorun kọ́ ni Lerner ń wá? Ní 1917, Carey McCord àti Floyd Allen fi ẹ̀yà ara yìí kan náà, ti màlúù, bọ́ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, ara wọn sì ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hàn kedere bíi gíláàsì. Lerner gbọ́ ìròyìn yẹn, ó rò pé òun á fi rí oògùn fún àwọn tí ara wọn ń ṣí níbì kan tó sì ń dúdú níbì kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ọmọ èèyàn, àwọ̀ wọn kò yí padà. Oorun ló kàn ń kùn wọ́n.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni tó ń po ìpara bá sọ fún ọ pé melatonin á mú ọ pupa, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ló ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo melatonin tí ara rẹ ń pèsè láti alẹ́ dòwúrọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù kan? Oníkóró tí wọ́n ń tà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 3, 5 tàbí 10.

Aago méjì sí mẹ́rin òru ló máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ó ti ń lọ.

Ìyá ọlọ́mọ, èyí jẹ́ tìẹ: melatonin wà nínú ọmú tí ọmọ ń mu lóru, èyí tó ń mu lọ́sàn-án kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Ọmọ tuntun kò tíì lè ṣe tirẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Ẹni tó bá ń fún wàrà lọ́sàn-án sínú fìríìjì kó lè fún ọmọ mu lóru lè fẹ́ kọ aago sára ìgò.

Ṣé o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan tó láti dá a dúró? Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1980: wọ́n jí àwọn èèyàn lóru, wọ́n tan iná ńlá sí wọn lójú, melatonin inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì já wálẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé iná yàrá lásán náà ń dín in kù, àti pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, irú èyí tó wà lójú fóònù, ló ń ṣọṣẹ́ jù.

Wàyí o, ká padà sí Warri. Iwherekan jẹ́ abúlé ní Ìpínlẹ̀ Delta, kò jìnnà sí Warri, níbi tí iná gáàsì ti ń jó tọ̀sán-tòru. Ọmọ ibẹ̀ kan, Jonah Gbemre, lórúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀, pe ilé iṣẹ́ epo Shell àti NNPC lẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Benin City dájọ́ pé sísun gáàsì bẹ́ẹ̀ tẹ ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè àti iyì wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ oorun kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n rò ó wò: ọmọ tí wọ́n bí sí irú abúlé bẹ́ẹ̀ lè dàgbà láìtíì rí òkùnkùn tó dúdú dáadáa lójú ọ̀run.

Ṣé o sì mọ̀ pé 1979 ni wọ́n ti ṣe òfin tó fẹ́ fòpin sí iná wọ̀nyẹn? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984 ni gbèdéke tó fún àwọn elépo. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Warri sí Ughelli lóru.

Ìpara melatonin tí àwọn kan ń pò kó lè mú wọn sùn ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé kò le. Wọ́n á ra melatonin oníkóró, tàbí kí wọ́n ní kí ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ lúbúlúbú, wọ́n á dà á sínú òrí tàbí àdín tí wọ́n ti yọ́ lórí iná, wọ́n á fi ṣíbí rò ó, wọ́n á bù ú sínú ike tó mọ́ gaara, wọ́n á gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á fi pa ọrùn, ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Ike tó mọ́ gaara yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ba melatonin jẹ́ nínú ike bó ṣe ń dí i lọ́wọ́ nínú ara. Òórùn òrí ṣì lè dára, kí oògùn ti lọ.

Ṣé o mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú kóró oògùn kan kì í ṣe oògùn? Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi dì í ni. Kóró onímílígíráàmù 3 tó lé ní 330 ni wàá lọ̀ kó tó lè pé gíráàmù melatonin kan ṣoṣo. Ìyẹ̀fun yẹn kì í sì í yọ́ nínú ọ̀rá. Kí òrí tó dì, ó ti sàn sísàlẹ̀ ike. Ẹni tó fi ìka bù ú lókè lónìí àti ẹni tó ń ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ lópin oṣù kò lo oògùn kan náà.

Òótọ́ ni pé melatonin bá ọ̀rá rẹ́, awọ ara sì ń gbà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa ń lúgọ sí ìpele òkè awọ, á wá máa jò wọnú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tí orí rẹ ń ṣe ni pé kí melatonin gòkè lóru kó sì relé láàárọ̀. Kí lo fẹ́ fi èyí tó ń jò láago méjì ọ̀sán ṣe, nígbà tó o wà lórí kẹ̀kẹ́ ní Effurun?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìpara ṣẹ̀sín o. Ó níbi tó ti gbé ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí oorun. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan láti Jámánì jáde: àwọn obìnrin 40 tí irun wọn ń já ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn kan lára wọn ń fi omi oògùn tí melatonin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún pa orí lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Irun tó ń hù lọ́wọ́ pọ̀ sí i díẹ̀ níbì kan lórí wọn. Wọ́n tún ti dán an wò sí oòrùn tó ń jóni lára: bí wọ́n bá fi pa ara ṣáájú, pípọ́n ara á dín kù, bí ara bá ti jó tán kí wọ́n tó fi pa á, kò ṣe nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé ọtí líle ń yọ́ melatonin ju omi lọ? Ẹlòmíràn á wá ní ogogoro Sapele kò kúkú jìnnà. Jọ̀ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Ode-Irele ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n sì ń kú lójijì. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, methanol ni, láti inú ogogoro. Methanol sì ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń mu ogogoro kó lè sùn náà kò jèrè púpọ̀: á tètè gbé e lọ, á sì jí i láàárín òru.

Ṣé o ń lo nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru? Ní 2000, àwọn oníṣègùn ní Ítálì fún àwọn tó ń lò ó ní melatonin lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ru sókè. Béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ kó o tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, yálà o gbé e mì tàbí o fi para.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà kì í fìgbà gbogbo jóòótọ́. Ní 2017, wọ́n tẹ ìwádìí kan láti Kánádà jáde lórí oríṣi 31 tí wọ́n rà lórí àtẹ. Melatonin inú ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n kọ. Inú òmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà. Mẹ́jọ nínú wọn ní serotonin, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ fítámì ni wàá ti rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ní Peckham, ní London, bí dókítà kò bá kọ ọ́ fún ọ, kẹ́mísì kò ní tà á.

Ta ló wá wúlò fún gan-an? Afọ́jú tí ojú rẹ̀ kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá wà lára wọn: aago inú ara rẹ̀ máa ń rìn gbéregbère, ọjọ́ rẹ̀ á máa yẹ̀ lọ títí òru rẹ̀ á fi bọ́ sọ́sàn-án. Ní 2000, Robert Sack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon fi oníkóró tún aago inú ara àwọn mẹ́fà ṣe nínú afọ́jú méje. Àwọn arìnrìn-àjò náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Warri tó ń lọ sí London má wulẹ̀ rà á, wákàtí kan péré ló wà láàárín wa, nígbà ẹ̀rùn wọn kò tilẹ̀ sí ìyàtọ̀ kankan. Houston ni ọ̀rọ̀ wà, wákàtí mẹ́fà sí méje, ó sì máa ń wúlò jù nígbà téèyàn bá ń bọ̀ wálé, torí pé ìrìn àjò sí ìlà-oòrùn ló ń da oorun rú jù: kóró kékeré kan lásìkò tí àwọn ará ilé ń sùn, fún alẹ́ mélòó kan.