Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n: Bí A Ṣe Ń Pín Ewì àti Ìtàn Lórí Ayélujára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè."

Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tán. Àgbà tí ó bá ń gba ìmọ̀ràn kò ní ṣìwà hù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ó ń kọ ewì tàbí ìtàn. Lóde òní, ohun tí ọmọ kan bá kọ sí orí Facebook tàbí WhatsApp lálẹ́, àwọn ará òkè òkun lè ti kà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé àṣà tuntun ni kí a gbé iṣẹ́ ẹni síwájú àwùjọ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i? Rárá o.

Ẹ wo àwọn oníjàálá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1966 pé bí oníjàálá kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, oníjàálá mìíràn lè dá a lẹ́nu lójú agbo kí ó tún un ṣe. Ẹni tí a dá lẹ́nu náà lè gbèjà ara rẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde, ẹni tí ó ń ṣàìsàn, tí ó sì ń kábàámọ̀ ìwà ìgbà èwe rẹ̀. Àṣé olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó hun ìtàn náà! Lẹ́tà àwọn òǹkàwé nípa obìnrin yìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1930 ìtàn náà di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ní ayé tiwa, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2012, àwọn ọmọ Yorùbá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti kọ Yorùbá lórí Twitter, èyí tí ó ti di X báyìí, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi èdè wa kún àwọn èdè tí wọ́n ń lò. Ní ọdún 2017 ni a dá Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, tí ó ń gbé ewì, ìtàn àti àròkọ Yorùbá jáde lórí ayélujára.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan kọ ewì nípa ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó, níbi tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa láìfi àmì sí i: "Oko mi ti fi mi sile ni Ido." Kíá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn pé ọkọ rẹ̀ já a sílẹ̀! Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń sọ. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ewì náà padà wá bá wa láti ibòmíràn, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò kọ ewì mọ́. Ohun tí ó tù ú nínú ni pé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ṣì wà lórí fóònù gbogbo wa. Ẹ̀rín ọjọ́sí di ẹ̀rí. Ó ti padà sídìí ewì kíkọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko kì í ṣe ohun kan náà. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà lórí fóònù, bíi ti Gboard.

2. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sábẹ́ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé.

3. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Olè ni ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ sọ ibi tí iṣẹ́ ti dára kí ẹ tó sọ ibi tí ó kù sí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

5. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ nọ́ńbà fóònù, orúkọ ilé-ìwé tàbí àdírẹ́sì ilé sí gbangba.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí á kà á, kí á jọ tún un ṣe. Èdè wa kò ní parun o. Àṣẹ.