Kí Ẹ Tó San Owó Ìdajì Ṣọ́ọ̀bù
Ìwé ìlàlóye fún àwọn oníṣòwò ọjà Oliha, ìlú Benin

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ "ìdajì" ló ń fa ìjà jù nídìí pípín ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan á ti sanwó ìdajì ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó fẹ́ pín in fún un. Tí a bá na tépù, ìdá kan nínú mẹ́rin là á bá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó gbowó mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ni jẹ. Nígbà mìíràn, òun àti ẹni tó sanwó ni kò mọ ìyàtọ̀ àyíká sí ojú ilẹ̀.

Àyíká àti ojú ilẹ̀

Àyíká ni gígùn etí ilẹ̀ láti igun kan títí tí a ó fi padà síbẹ̀. Òun la fi ń mọ iye wáyà tàbí pákó tí a ó fi ṣọgbà.

Ojú ilẹ̀ ni ibi tí ọjà yóò jókòó sí. Òun la fi ń ra táìsì, òun la fi ń da kọnkéré, òun náà ló yẹ ká fi dúnàádúrà owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin la fi ń kà á.

Ìṣirò

- Ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó gún: ẹ ro gígùn pọ̀ mọ́ fífẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àyíká nìyẹn. Ẹ fi fífẹ̀ sọ gígùn di púpọ̀. Ojú ilẹ̀ nìyẹn.
- Kọ̀rọ̀ onígun mẹ́ta, irú èyí tó máa ń wà lẹ́bàá gọ́tà: ẹ ro etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún àyíká. Fún ojú ilẹ̀, ẹ fi ìdí rẹ̀ sọ gíga rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì.
- Róbótó, bí abẹ́ agbòòrùn: bí ìdábùú rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ 6, àyíká jẹ́ 6 × 3.14 = 18.84. Láti àárín dé etí jẹ́ 3. Ojú ilẹ̀ jẹ́ 3 × 3 × 3.14 = 28.26.
- Ṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ́ igun: ẹ gé e sí onígun mẹ́rin méjì, kí ẹ ṣírò ojú ilẹ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá rò ó pọ̀.

Ìdajì wo ni wọ́n ń tà fún yín?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ṣọ́ọ̀bù 10 × 10: àyíká 40, ojú ilẹ̀ 100. Wọ́n ní ìdajì rẹ̀ ni 5 × 5. Àyíká 5 × 5 jẹ́ 20, ìdajì 40 lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ojú ti ń fọ́. Ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 péré, mẹ́rin irú rẹ̀ ló máa kún ṣọ́ọ̀bù náà. Ìdajì gidi ni 5 × 10, tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50.

Bẹ́ẹ̀ náà ni plọ́ọ̀tì. Ní Benin, 100 × 100 ni wọ́n sábà máa ń pè ní plọ́ọ̀tì kan: 10,000. Ìdajì rẹ̀ ni 50 × 100. 50 × 50 kò ju 2,500 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá, 60 × 120 tó mọ́ yín lára jẹ́ 7,200. Ẹ má fi iye owó tibẹ̀ díwọ̀n tibí.

Àyíká kan náà kì í ṣe ilẹ̀ kan náà. 10 × 10, 14 × 6 àti 18 × 2, 40 ni àyíká gbogbo wọn. Ojú ilẹ̀ wọn jẹ́ 100, 84 àti 36.

Íǹṣì

Íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹsẹ̀ 10 àti íǹṣì 6 jẹ́ 10.5, kì í ṣe 10.6.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun yóò bá yín wọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ di orí tépù mú fúnra yín, láti inú ògiri dé inú ògiri, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níwájú àti lẹ́yìn, torí ògiri míì wọ́. Ẹ kọ gígùn, fífẹ̀ àti ojú ilẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Bí ìwé náà bá kọ "ìdajì" lásán, ẹ má fọwọ́ sí i; ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.