Oṣù mẹ́wàá ni bọ́ọ̀lù fi ń pawó

Agbowó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù fi ń rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ sí oṣù karùn-ún ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wáyé. Tó bá ti parí, owó ìwọlé dín kù, owó ilé kò sì dúró.

Ewu kejì ni dẹkódà. Lọ́dún 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ líìgì náà mọ́ DStv lọ́wọ́, onílé ìwòran tó fẹ́ fi í hàn ní láti ra dẹkódà míì. Lọ́dún 2010, ẹ̀tọ́ náà padà sí DStv. Lọ́dún 2011, HiTV kógbá sílé.

Ẹni tó bá ń fi ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé oṣù kan pamọ́ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá yóò rí ti oṣù méjì tó kù san. Ìgbà òjò là ń gbọ́nmi de ẹ̀ẹ̀rùn.