Kí Ọmọ Wa Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Alágbàtà Ilé

Bí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ láti Houston tàbí Baltimore pé òun ń wá ilé rà, ṣùgbọ́n alágbàtà ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé kankan àfi bí òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, ìyá wo ní Ìjẹmọ̀ ni àyà rẹ̀ kò ní já? A mọ tiwa. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, àwọn ejẹ́ǹtì mìíràn a gba owó fọ́ọ̀mù, wọn a gba owó ọkọ̀, wọn a sì mú ènìyàn lọ wo yàrá tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀. Abájọ tí ìyá fi máa ń ké pé, “Má fọwọ́ sí i o, gbájú-ẹ̀ ni!”

Ní ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní ilé-ẹjọ́ kan ní Kansas City, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ dá àwọn tí ó ta ilé láre. Wọ́n ní National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilé, àti àwọn ilé-iṣẹ́ kan lẹ̀dí àpò pọ̀ kí owó alágbàtà má bàa wálẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, ẹgbẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 418 dọ́là, kí ó sì yí ìlànà rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún náà, alágbàtà tí ó bá ń lo àkọsílẹ̀ àpapọ̀ ilé títà tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ mú olùrà wọ ilé láìsí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, olùtà ni ó sábà máa ń san owó alágbàtà méjèèjì, olùrà a sì máa rò pé ọ̀fẹ́ ni tòun. Inú iye ilé ni ó kúkú wà.

Owó ni kí á kọ́kọ́ wò. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dá iye tí alágbàtà yóò gbà. “Iyekíye tí olùtà bá fún mi” kò tó. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé òfin kò dá iye náà, pé a lè dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó oúnjẹ. Bí ilé bá jẹ́ 400,000 dọ́là, tí a sì kọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, 10,000 dọ́là ni. Bí olùtà bá gbà láti san án, ó dára. Bí ó bá kọ̀, ọrùn olùrà ni ó já lé. Tọkọtaya tí ó ti kó gbogbo owó ìpamọ́ wọn lé àsansílẹ̀ ilé, níbo ni wọn yóò ti rí i?

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Àdéhùn lè jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo, ti ọjọ́ kan, tàbí ti oṣù mélòó kan. Èmi fara mọ́ èyí tí ó kúrú, nígbà tí a kò tíì mọ ìwà alágbàtà. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ti oṣù mẹ́fà pé ẹnì kan ṣoṣo ni òun yóò lò, tí ó wá gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ra ilé, lè rí ẹni méjì tí yóò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kàn fẹ́ wòran lè dá lọ ní ọjọ́ tí olùtà ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èyí kò gba ìwé.

Bí ọmọ bá fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ wá ibi tí a kọ iye owó sí. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, kí ó dá a padà fún alágbàtà láti kọ ọ́ kún kí ó tó fọwọ́ sí i.