Láti Èkó Dé Cape Coast: Ìlàlóye fún Ìdílé Tí Ó Ń Kó Ọ̀dọ́langba Rìnrìn-Àjò Ìsinmi

Ọ̀nà etíkun tí ó ti Èkó lọ sí Kútọnu, Lomé, Accra àti Cape Coast gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá, ìdílé tí ó bá sì fi ọkọ̀ ilẹ̀ rìn ín yóò dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣírò wákàtí tí ọkọ̀ fi ń sáré láìka èyí tí wọn yóò lò lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà. Nítorí náà ibùdó mẹ́ta tí wọ́n sùn pẹ́ sí sàn ju mẹ́fà tí wọ́n kàn gbà kọjá lọ.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ èyí tó kù láìgba físà, èyíinì ni ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kò kan ọmọ ìbátan tí ó ti London wá lo ìsinmi, tí ó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní, bí ó tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Yorùbá: físà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò gbà. Ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún, tí ó ń bá òbí kan ṣoṣo tàbí ẹbí rìn, yẹ kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn òbí tí kò bá a lọ búra lé lórí ní kóòtù, torí pé àwọn aṣọ́bodè ń ṣọ́ àwọn tí ń fi ọmọdé ṣòwò.

Wọ́n tún ń béèrè yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Káàdì yìí kì í ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni ó ti di ohun tí ẹni tó gbà á yóò lò títí ayé. Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́ kò lè dípò rẹ̀.

Ibà lásán, èyí tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ni ewu tí ó tóbi jù. Ọ̀dọ́langba tí ó dàgbà sí Nàìjíríà ti ní agbára díẹ̀ láti bá kòkòrò rẹ̀ jà nítorí pé ó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ agbára yìí kì í ṣe àjogúnbá: ẹni tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó kò ní in, ẹni tí ó sì ti pẹ́ lọ́hùn-ún ń pàdánù rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti lo oògùn adènà ibà tí dókítà bá kọ fún un, kí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìrìn, kí ó má sì dá a dúró lọ́jọ́ tí ó bá délé, nítorí pé inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà ń fara pamọ́ sí kí ó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n rẹ sínú oògùn ṣe pàtàkì fún gbogbo wọn. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi lemọ́lemọ́ nínú ọkọ̀, kódà bí èyí yóò bá mú kí wọ́n máa dúró tọ̀.

Ọ̀dọ́langba kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì sẹ́yìn ọkọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yan ibi kan, ìbáà jẹ́ Ganvié tí wọ́n kọ́ sórí omi ọ̀sà Nokoué tàbí ilé olódi Elmina tí àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ ní 1482, kí ó sì fúnra rẹ̀ wá owó ọkọ̀ àti àkókò ìṣílẹ̀kùn rẹ̀. Owó séfà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, sídì ni ti Ghana. Aago Tógò àti Ghana sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà. Kí òbí má ṣe gbà kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun níbi tí kò sí olùṣọ́, nítorí omi abẹ́ ìgbì lè fa ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ pàápàá lọ sí agbami, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀kadà tí kò ní akoto.

Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan tí wọ́n ti padà dé, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí òbí sì dárúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n sùn fún dókítà, pàápàá ní London, níbi tí wọ́n ti lè kọ́kọ́ pè é ní ọ̀fìnkìn.